Ìwòsàn Tí Kò Ní Èèwọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí le díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan tó ti tẹfá, tó sì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mú àwòrán kan wá bá mi. Ara ènìyàn ni wọ́n yà sí i. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́rin tí í ṣe orúkọ Ọlọ́run àwọn Júù. Òbìrìkítí mẹ́wàá wà lára rẹ̀ láti àtàrí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nínú òbìrìkítí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ kan sí ní èdè Hébérù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ odù Ifá kan, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ iye ìgbà tí ènìyàn yóò mí sínú àti iye ìgbà tí yóò mí síta. Kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti fún un, owó tó san kò sì kéré.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé Ifá àti Kábálà jẹ́ ọ̀kan náà? Olùkọ́ wa ní èèwọ̀ tí ẹ kà fún mi ní igbódù kò pọn dandan mọ́. Ó ní bí mo bá ti lè máa mí bó ṣe yẹ, tí mo sì ń fi ọkàn wo ara mi, ara mi yóò wo ara rẹ̀ sàn."

Gbólóhùn tó sọ nípa èèwọ̀ yìí ni ó mú mi gbé kálàmù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ìdáhùn mi kì í ṣe èébú sí àwọn Júù, nítorí awo onílé kì í ṣe ohun ìfiṣẹ̀sín. Kì í sì í ṣe èébú sí ẹni tó ń fi èémí wá àlàáfíà. Àwọn tí mo bá wí ni àwọn tó ń ṣa ohun tó dùn nínú awo ẹlòmíràn, tí wọ́n ń fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún aláìsàn.

Ohun tí Kábálà jẹ́

Kábálà ni orúkọ tí àwọn Júù ń pe ìmọ̀ awo wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a gbà: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà lẹ́nu olùkọ́, tí olùkọ́ náà ti gbà lẹ́nu olùkọ́ tirẹ̀. Ọmọ awo kò ní rí ọ̀rọ̀ yìí bí àjèjì, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà ṣe gba Ifá.

Ẹni tó bá ní kò sí ọ̀rọ̀ ara nínú awo Júù kò mọ ohun tó ń sọ. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sefer Yetzirah, tó wà lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù nínú ìmọ̀ náà, sọ pé ọ̀nà 32 ni Ọlọ́run fi dá ayé: sefirot 10 àti lẹ́tà Hébérù 22. Ó so lẹ́tà wọ̀nyí mọ́ ara. Lẹ́tà mẹ́ta tó pè ní ìyá ni ó fi fún orí, àyà àti ikùn: Shin fún orí pẹ̀lú iná, Alef fún àyà pẹ̀lú afẹ́fẹ́, Mem fún ikùn pẹ̀lú omi. Lẹ́tà méje ni ó fi fún ihò méje tó wà ní orí ènìyàn, ojú méjì, etí méjì, ihò imú méjì àti ẹnu. Méjìlá tó kù ni ó pín fún àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé Zohar jáde ní ilẹ̀ Sípéènì ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Nínú ìwé Tikkunei Zohar tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín sefirot sí ara: Hesed, tí í ṣe àánú, ni ọwọ́ ọ̀tún, Gevurah, tí í ṣe agbára ìdájọ́, ni ọwọ́ òsì, Tiferet ni àárín ara, Netzach àti Hod ni ẹsẹ̀ méjèèjì.

Èémí pàápàá wà níbẹ̀. Abraham Abulafia, tí wọ́n bí ní Zaragoza ní ọdún 1240, kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa pe lẹ́tà orúkọ Ọlọ́run pẹ̀lú mímí tó ní ìwọ̀n, kí orí sì máa yí bí lẹ́tà ṣe ń yí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé Mishnah sọ fún wa pé àwọn olùfọkànsìn ayé àtijọ́ a máa dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí ọkàn wọn lè rọlẹ̀.

Bí àdàlù náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Bí awo wọn bá ti ní ara àti èémí nínú tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí àwọn Júù kan fi lọ ń wá a lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Ìtàn náà ní ìbànújẹ́ nínú. Nígbà ogun Hitler, wọ́n pa Júù bíi mílíọ̀nù 6 ní Yúróòpù. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó mọ ìmọ̀ yìí lọ pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ìbá gbà á lẹ́nu wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Júù dàgbà ní Amẹ́ríkà láì gbọ́ pé awo kankan wà nílé baba wọn. Nígbà tí òùngbẹ ẹ̀mí gbẹ wọ́n, ọ̀dọ̀ ẹ̀sìn Búdà ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ.

Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn, tí òun náà jẹ́ ọmọ Júù, dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts. Ó mú ìjókòó jẹ́ẹ́ àti ìfọkànkíyèsí ara, tí wọ́n ń pè ní mindfulness, láti inú ẹ̀sìn Búdà, ó sì fi ń ran àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1990, àwọn Júù kan, tí àwọn rábì wà lára wọn, rìnrìn àjò lọ sí Dharamsala ní Íńdíà láti bá Dalai Lama sọ̀rọ̀. Dalai Lama fẹ́ mọ ọgbọ́n tí àwọn Júù ta tí ẹ̀sìn wọn kò fi kú sí ìgbèkùn, nítorí àwọn ènìyàn tirẹ̀ náà ti kúrò ní Tibet. Rodger Kamenetz kọ ìwé The Jew in the Lotus lórí ìrìn àjò náà ní ọdún 1994.

Àwọn mìíràn sọ pé kò yẹ kí ọmọ ọlọ́jà máa jí àkàrà jẹ. Rábì Aryeh Kaplan kọ ìwé Jewish Meditation, tó jáde ní ọdún 1985 lẹ́yìn ikú rẹ̀, láti fi han àwọn ọmọ Júù pé ohun tí wọ́n ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn wà nínú àká baba wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń da ìmọ̀ sefirot pọ̀ mọ́ ìjókòó jẹ́ẹ́, mọ́ yóga, àti mọ́ ìtọ́jú tó ń gba inú ara wo ọgbẹ́ ọkàn, irú èyí tí Peter Levine fi ìwé Waking the Tiger ṣàlàyé ní ọdún 1997.

Ohun tí mo gbà

N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Yíyá nǹkan lọ́dọ̀ aládùúgbò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, Abraham ọmọ Moses Maimonides, tó gbé ayé láti 1186 sí 1237, wo àwọn Súfì inú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó sì yìn wọ́n. Ó fẹ́ kí àwọn Júù máa wólẹ̀ nínú àdúrà bíi tiwọn. Ó ní ìṣe àwọn wòlíì Ísírẹ́lì ni èyí, pé àwọn Júù ló sọ ọ́ nù tí àwọn ẹlòmíràn sì rí i he. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: òun ni olórí àwọn Júù Íjíbítì, kò sì yọ òfin kan sílẹ̀ nínú Tórà. Ẹrù ni ó fi kún ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kejì. Rábì Kalonymus Kalman Shapira ti ìlú Piaseczno, lẹ́bàá Warsaw ní ilẹ̀ Pólàǹdì, kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀nà láti pa ariwo ọkàn lẹ́nu mọ́. Ó ní kí ènìyàn kàn máa wo èrò ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn kọjá, ó lè tẹjú mọ́ ọwọ́ aago fún ìgbà díẹ̀, títí ọkàn yóò fi rọ̀. Nígbà náà ni yóò mú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kan wá sí ibi tó ti rọ̀ náà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lónìí lè rò pé olùkọ́ ìfọkànkíyèsí kan ní Kalifọ́níà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́ inú ògiri Warsaw, rábì yìí kò dákẹ́ ìwàásù fún àwọn ènìyàn rẹ̀, láti 1939 títí dé 1942, bí ebi àti àrùn ṣe ń pa wọ́n. Wọ́n rí ìwé rẹ̀ nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ogun. Òun fúnra rẹ̀, wọ́n pa á ní ọdún 1943. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó kọ́ ni kò mú un sá fún ẹrù àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó fún un lágbára láti rù ú.

Bí gbogbo àdàlù bá rí báyìí, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Mo sì mọ̀ pé lónìí, àwọn Júù wà tí wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń tọ́jú ara, tí wọ́n sì ń pa òfin wọn mọ́. Ire ni fún wọn.

Ibi tí ẹjọ́ wà

Àwọn ọlọ́gbọ́n Talmud ní òfin 613 ni ó wà nínú Tórà. Nínú wọn, 248 ń sọ pé ṣe báyìí, 365 sì ń sọ pé má ṣe báyìí. Kí ló dé tó fi jẹ́ 248? Wọ́n ní iye ẹ̀yà ara ènìyàn nìyẹn ní ìṣirò wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ 365? Wọ́n ní iye ọjọ́ ọdún ni, àwọn onímọ̀ Kábálà sì fi kún un pé iye iṣan ara ni pẹ̀lú. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Òfin ni ó ń fún ẹ̀yà ara náà ní ẹ̀mí. Ní ìdí awo Júù, àwòrán ara ènìyàn jẹ́ àwòrán ojúṣe.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Júù olùfọkànsìn fi ń fi omi wẹ ọwọ́ nígbà tó bá jí. Ó ń so awọ tí ọ̀rọ̀ Tórà wà nínú rẹ̀ mọ́ apá àti iwájú orí. Ó ń pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà àdúrà, ó sì mọ ibi tí yóò ti tẹrí ba. Bó bá jáde ní ilé ìgbẹ́ pàápàá, ó ní àdúrà tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó ṣe ihò sí ara, tó jẹ́ kí èyí tó yẹ kó ṣí ṣí, kí èyí tó yẹ kó dí dí. Ó ní oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, ó ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dá iná. Kí ni a ń pe gbogbo èyí ní èdè tiwa? Èèwọ̀ àti ìṣe ni.

Isaac Luria, tó kú sí ìlú Safed ní ọdún 1572, kọ́ni pé nígbà ìṣẹ̀dá, àwọn ìkòkò ìmọ́lẹ̀ fọ́, ẹ̀ta iná sì fọ́n káàkiri ayé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tikkun, àtúnṣe, ni láti kó wọn jọ padà. Báwo ni wọn yóò ṣe kó wọn jọ? Nípa pípa òfin mọ́, nípa àdúrà, nípa ìwà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn oníkíláàsì òpin ọ̀sẹ̀, tikkun ti di kí ara tù mí. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú dé? Ohun tí Luria gbé lé ènìyàn léjìká nítorí gbogbo ayé ni wọ́n sọ di ìrọ̀rí ìsinmi.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀sìn Búdà náà. Ẹlẹ́sìn Búdà ní ìlànà márùn-ún kí ó tó jókòó: kò gbọ́dọ̀ pa ohun ẹlẹ́mìí, kò gbọ́dọ̀ jalè, kò gbọ́dọ̀ ṣe àgbèrè, kò gbọ́dọ̀ purọ́, kò gbọ́dọ̀ mu ohun tó ń da orí rú. Ní báyìí, wọ́n ti nawọ́ dé ọ̀dọ̀ Ifá. Awo mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀. Èèwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n dà nù. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ni èémí, èémí sì ni ohun tí ọmọ tuntun mọ̀ ọ́n ṣe láì sanwó.

Àwọn tó wọ ọgbà náà

Talmud ní ìtàn kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ awo mọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n mẹ́rin wọ inú ọgbà kan, èyí tí àwọn onímọ̀ Kábálà gbà pé ó jẹ́ ọgbà ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ben Azzai wò ó, ó kú. Ben Zoma wò ó, orí rẹ̀ dàrú. Ẹnì kẹta, Elisha ben Abuyah, jáde kúrò nínú ìgbàgbọ́. Rábì Akiva nìkan ni ó wọlé ní àlàáfíà, tó sì jáde ní àlàáfíà. Nítorí irú èyí ni àwọn àgbà wọn ṣe ń sọ pé kí ènìyàn dàgbà, kí ó kún fún ìmọ̀ òfin, kí ó tó súnmọ́ Kábálà. Nígbà ayé Abulafia gan-an, Shlomo ibn Adret, àgbà rábì Barcelona, dìde sí i gidigidi.

Àwa náà sọ pé ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ igbódù. Kì í ṣe ahun ni ó ń ṣe wá. Ohun tó bá lágbára láti woni sàn lágbára láti pani lára. Àwọn tó ń fi ara tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn ní ọ̀nà tó tọ́ mọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ìpayà ńlá ti ṣẹlẹ̀ sí, bí a bá ní kí ó pa ojú dé, kí ó máa wo inú ara rẹ̀ pẹ́, ìpayà náà lè jí dìde bí ejò tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, wọn kì í fi aláìsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oníkíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ yóò ti wọ ọkọ̀ òfuurufú ní àárọ̀ Ajé. Ta ni ọmọ náà yóò kàn sí ní òru Ìṣẹ́gun nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já?

Ọ̀rọ̀ àwòrán náà

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán tí ọmọ mi mú wá. Sefirot jẹ́ 10. Odù àgbà jẹ́ 16, gbogbo odù sì jẹ́ 256. Báwo ni 16 ṣe wọ inú 10? Mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ogbè, wọ́n sì dúró sí Ọ̀sá. Wọ́n gé Ìká, Òtúrúpọ̀n, Òtúrá, Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún dànù. Òfún, tí àwọn àgbà ń bọ̀wọ̀ fún nígbàkúùgbà tó bá jáde! Òtúrá, níbi tí Ifá ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àwọn ìmàle! Odù tí Ifá fi kọ́ wa bí a ṣe ń bá ẹlẹ́sìn mìíràn gbé ni àwọn tó ń wàásù ìṣọ̀kan ẹ̀sìn kọ́kọ́ gé sọ nù.

Yàtọ̀ sí èyí, odù kì í gbé ojú kan lára ènìyàn bí ìlà ojú. Babaláwo yóò di ikin 16 mú. Bí ikin kan bá kù lọ́wọ́, yóò tẹ méjì sórí ọpọ́n. Bí méjì bá kù, yóò tẹ ọ̀kan. Odù yóò jáde fún ẹni kan, ní ọjọ́ kan, lórí ọ̀ràn kan, ẹbọ yóò sì tẹ̀ lé e. Odù tí a yọ ẹbọ rẹ̀ kúrò, tí a lẹ̀ mọ́ orókún ènìyàn, kì í ṣe odù mọ́.

Kì í ṣe Ifá nìkan ni àwòrán náà sì ṣẹ̀. Júù olùfọkànsìn kì í ju ìwé tí orúkọ Ọlọ́run wà lára rẹ̀ sí ààtàn. Wọn a kó o pamọ́, wọn a sì sin ín bí ẹni sin òkú. Nítorí àṣà yìí ni ìwé àtijọ́ fi pọ̀ jọ sí yàrá kan nínú sínágọ́gù Ben Ezra ní Káírò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Orúkọ yẹn ni wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìdárayá. Ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún ohun mímọ́ ilé kan kò lè bọ̀wọ̀ fún ti ilé kejì.

Orí wa

Àwọn kan yóò sọ pé Ifá kò ní ẹ̀kọ́ ara, pé ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ṣé lóòótọ́ ni? Ọbàtálá mọ ara, Olódùmarè fi ẹ̀mí sí i, ènìyàn sì lọ yan orí rẹ̀ nílé Àjàlá. Nínú Ògúndá Méjì, Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń lọ yan orí. Oríṣèékú àti Orílèémèrè kò yà sí ibì kankan, wọn kò bi àgbà léèrè. Orí tó dára lójú ni wọ́n gbé. Kí wọ́n tó dé ayé, òjò ti bẹ́ ẹ, ó ti jẹrà. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó gbọ́ ẹbọ, ó sì rú u. Òun ni Àjàlá fúnra rẹ̀ bá yan orí tí òjò kò lè bà jẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó fi ojú lásán yan ohun tó dára nínú ṣọ́ọ̀bù amọ̀kòkò ń gbé amọ̀ tútù lé ọrùn. Òjò ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìbọrí tí a ń ṣe, ara ni a fi ń ṣe é. Omi tútù kan orí, obì kan orí, a wúre sí i, onítọ̀hún jókòó jẹ́ẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀, ìyíká, ijó níwájú òrìṣà, ìwẹ̀ lódò: ara ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú rékọjá òkun, wọ́n mú ìbọrí lọ. Ní Brazil, nínú Candomblé, bori ni wọ́n ṣì ń pè é títí di òní. Ní Kúbà, wọ́n ń fi omi àti àgbọn bẹ orí. Ohun tí Dalai Lama béèrè lọ́wọ́ àwọn Júù ní 1990, àwa náà lè dáhùn rẹ̀ láti inú ìtàn tiwa. Kí ló mú ìsìn kan la ìgbèkùn já? Ohun tí ara ń ṣe lójoojúmọ́ ni, ohun tí kì í jẹ, ibi tí kì í dé, ọjọ́ tí kì í gbàgbé. Ẹrú tí wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì mọ èèwọ̀ rẹ̀. Èyí ni wọ́n wá ń sọ fún ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù pé kò pọn dandan mọ́!

Ìdáhùn mi

Ẹnì kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, èémí náà ń mú ara mi rọlẹ̀." Mo gbà. Mí, ọmọ mi. Jókòó jẹ́ẹ́ ní òwúrọ̀, fi ọkàn wo ara rẹ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ilé ìwòsàn Kabat-Zinn. Ní ti èyí, mo yin ọkùnrin náà: nígbà tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó pè é ní ìtọ́jú ìrora àti ìdààmú, kò fi ẹ̀wù àlùfáà wọ̀ ọ́. Ohun tí ó bá jẹ́ èémí, ẹ pè é ní èémí. Bí ara bá ń ṣe yín, ẹ lọ rí dókítà. Babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dí yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ má pe èémí ní Ifá, ẹ má sì pè é ní Kábálà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá fi orúkọ awo kan ta ìwòsàn fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ọwọ́ ta ni ó ti gbà á? Kí ni ó kà á léèwọ̀, ṣé òun fúnra rẹ̀ sì ń pa á mọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú ní ọ̀gànjọ́, ta ni yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi? Rábì Shapira lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olúwo yín gbọ́dọ̀ lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ bi òun náà léjọ́. A ní àwọn babaláwo tó ń ta ìtẹfá ọlọ́jọ́ kan fún àlejò, tí wọn kì í sì í béèrè rẹ̀ mọ́. Ẹjọ́ tí mo rò lónìí kan àwọn náà.

Mo gbé ọmọkùnrin náà dìde. Mo ní kí ó má ya àwòrán náà, nítorí orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Mo ní kí ó mú un lọ sí sínágọ́gù tó bá súnmọ́ ọn jù ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó fún rábì ibẹ̀, pé kí ó bá a tọ́jú rẹ̀ bí òfin wọn ṣe wí. Lẹ́yìn náà, a pọnmi tútù, a bọ orí rẹ̀. Mo tún èèwọ̀ rẹ̀ kà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á tẹ̀ lé mi.

Orí yín kò ní ṣe amọ̀ tútù. Òjò ayé kò ní bẹ́ ẹ. Àbọrú, àbọyè.